Àáró Kọ́, Ìwọ̀fà Ni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún òfin. Bí ìjọba bá ṣe òfin kan, tí ó sì fún un ní orúkọ, ó yẹ kí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà lè mọ irú ilé tí a bí i sí. Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù sọ́wọ́ ni ètò kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń pè ní pàṣípààrọ̀ àṣà, ṣùgbọ́n tí ó dá mi lójú pé iṣẹ́ owó pọ́ńbélé ni. Ẹjọ́ mi kò gùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, kí ó gba òṣìṣẹ́, kí ó sì san gbogbo ohun tí ó tọ́ sí òṣìṣẹ́. Kí ó má ṣe fi àṣà bo iṣẹ́ lójú.

Ètò tí mo ń wí ni èyí tí a mọ̀ sí Summer Work Travel. Abẹ́ físà J-1 ni ó wà. Òfin tí ó bí físà náà ni òfin pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà tí Ààrẹ John F. Kennedy fọwọ́ sí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, tí orúkọ Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright ti ìpínlẹ̀ Arkansas so mọ́. Èrò rere ni ó wà nídìí òfin náà: kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará ilẹ̀ mìíràn mọ ara wọn, kí òye lè pọ̀ láàárín wọn, kí àlàáfíà sì lè jọba. Kódà, orúkọ tí òfin náà ń jẹ́ gan-an sọ pé pàṣípààrọ̀ náà yóò jẹ́ ti tọ̀tún-tòsì, kí olúkúlùkù máa fún ẹnìkejì, kí ó sì máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ètò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti ilẹ̀ òkèèrè lè lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀n oṣù mẹ́rin, kí ó sì rìn káàkiri díẹ̀ kí ó tó padà sílé. Òun ni ó ń gbé oúnjẹ fún àwọn tí ó wá gbafẹ́ létí òkun, òun ni ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì, òun náà ni ó ń jókòó ti odò ìlúwẹ̀ẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kú sómi. Ní ọdún 2008, àwọn tí ó bá ètò náà wọ Amẹ́ríkà lé ní 150,000.

Àwa Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ nípa pàṣípààrọ̀ iṣẹ́. Àáró ni a ń pè é. Bí àgbẹ̀ mẹ́ta bá jọ dá àáró, wọn yóò ro oko Òjó lónìí, wọn yóò ro ti Àjàní lọ́la, wọn yóò sì ro ti Àkàndé ní ọ̀tunla. Kò sí ẹni tí yóò san owó fún ẹnìkejì, nítorí pé agbára tí mo bá lò lóko rẹ ni ìwọ náà yóò wá lò lóko mi. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí: ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò wá oúnjẹ àti ohun mímu fún àwọn tí ó wá bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà yàtọ̀ sí méjèèjì pátápátá. Ẹni tí ó yá owó tí kò rí i san ni yóò fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù. Èlé lásán ni. Òfin ti pa ìwọ̀fà rẹ́ nílẹ̀ wa, kò sì sí ẹni tí ń dárò rẹ̀. Mo ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí n lè béèrè pé: èwo nínú wọn ni ètò Amẹ́ríkà yìí fi ojú jọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Palmyra, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ńlá kan tí wọ́n ti ń di ṣokoléètì Hershey sínú páálí, wọ́n sì wọ́de. China, Turkey, Ukraine àti Romania wà lára ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú wà nínú wọn. Wọ́n ní páálí wúwo ni àwọn ń gbé láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, àti pé bí wọ́n bá yọ owó ilé kúrò nínú owó iṣẹ́ àwọn tán, ohun tí ó kù kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ti san láàárín 3,000 sí 6,000 dọ́là kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ariwo ta, olúkúlùkù ń wo ojú ẹnìkejì. Hershey ni ó ni ṣokoléètì, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó ń bójú tó ilé-ìkẹ́rùsí náà. Ilé-iṣẹ́ kẹta ni ó ń wá òṣìṣẹ́ fún un. Àjọ onígbọ̀wọ́ kan ni ó sì mú àwọn ọmọ náà wọ̀lú. Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ mú kí wọ́n gbà láti san nǹkan bí 213,000 dọ́là padà fún akẹ́kọ̀ọ́ 1,028. Ẹ bá mi pín in. Kò tó 210 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó san owó díẹ̀ jù lọ nínú àwọn tí mo sọ̀rọ̀ wọn yìí san 3,000 kí ó tó dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn àlejò la ti í san án. Onílé ni ó ń jẹ gbèsè nítorí àlejò nínú òwe yìí. Ní ti ètò Amẹ́ríkà, àlejò ni ó jẹ gbèsè kí ó tó kan ilẹ̀kùn, ojú onílé ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́ san án. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá owó tí ó san kí ó tó rí iṣẹ́ náà, tí kò lè bínú padà sílé nítorí gbèsè tí ó ń dúró dè é níbẹ̀, kí ni a ó pè é? Èmi mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí ìwọ̀fà ayé àtijọ́. Wọ́n ń san owó fún un, ọjọ́ tí yóò lọ sì wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbèsè ni ó dè é mọ́ iṣẹ́, ibi tí ìwọ̀fà ti bẹ̀rẹ̀ sì nìyẹn. Kò sí àáró níbẹ̀ rárá, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò wá ro oko tirẹ̀.

N kò ní sọ pé ìjọba Amẹ́ríkà káwọ́ gbera. Lẹ́yìn ìtìjú ọdún 2011, wọ́n fi iye àwọn tí ó lè wá lọ́dún mọ sí 109,000. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè gbé òfin tuntun jáde: akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkẹ́rùsí mọ́, tàbí níbi ìkọ́lé, tàbí ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọjà jáde, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí àwọn onígbọ̀wọ́ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ará Amẹ́ríkà bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì máa ṣètò ohun tí yóò fi àṣà ilẹ̀ náà hàn án. Mo kí wọn fún èyí. Síbẹ̀, àṣẹ ìkẹyìn yìí gan-an ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àṣà ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò láti ọdún 1961, kí ni ó dé tí ó fi di ọdún 2012 kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí a bu àṣà díẹ̀ lé e lórí?

Ìdí tí orúkọ náà fi dùn mọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ kò ṣòro láti rí. Físà kan wà tí ó wà fún iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà bí irú èyí, H-2B ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í gba òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé òun wá ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tì. Ó gbọ́dọ̀ san iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò náà. Òfin sì fi iye wọn mọ sí 66,000 lọ́dún, àfi bí wọ́n bá fi kún un. Ẹni tí ó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ J-1 kò ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ í lọ bá kí ó tó gbà á, nítorí pé àlejò àṣà ni wọ́n pè é. Kò tán síbẹ̀. Nínú 100 dọ́là tí agbanisíṣẹ́ bá san fún ọmọ Amẹ́ríkà, òun fúnra rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ san dọ́là 7 àti sẹ́ǹtì 65 sí àpò ìjọba fún ọjọ́ ogbó àti ìtọ́jú ìlera. Lórí akẹ́kọ̀ọ́ J-1, kò ní san án. Orúkọ náà ń pa owó wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ta ọjà àṣà fún kọ́ ni owó náà sì ń lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní kò sí ẹni tí ó fi okùn fa àwọn ọmọ náà. Àwọn fúnra wọn ni ó tọrọ rẹ̀. Wọn yóò ní ohun tí ọmọ náà rí gbà ní oṣù mẹ́ta pọ̀ ju ohun tí bàbá rẹ̀ ń rí nílé lọ́dún kan. Wọn yóò ní ọ̀pọ̀ ni ó padà sílé tayọ̀tayọ̀, tí wọ́n ní ọ̀rẹ́ tuntun, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn sì já gaara. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà pàápàá, òun tàbí ará ilé rẹ̀ ni ó fẹnu ara rẹ̀ gbà. Pé aláìní gba ohun tí a fi lọ̀ ọ́ kò sọ ohun náà di ẹ̀tọ́. Ní ti àwọn tí inú wọn dùn, ẹ̀rí rere ni wọ́n jẹ́ fún ọ̀gá rere tí wọ́n bá pàdé; wọn kì í ṣe ẹ̀rí fún òfin. Ẹni tí ó bá ọ̀gá búburú pàdé ni a fi ń mọ iṣẹ́ òfin.

Kí a má sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó mọ irú ọgbọ́n yìí. A mọ̀ ọ́n nílé wa. Ẹnìkan yóò dé abúlé, yóò sọ fún òbí aláìní pé, “Ẹ fún mi ní ọmọ yín kí n bá yín tọ́ ọ. Yóò lọ sí ilé-ìwé, yóò mọ ìwà.” Ọmọ yóò dé Ìbàdàn tàbí Èkó, igbá omi tútù ni yóò máa gbé kiri láàárín ọkọ̀. Àgbàtọ́ ni orúkọ tí a fún un, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni ó jẹ́. Àgbàtọ́ jẹ́ ohun iyì nínú àṣà wa, nítorí pé ó ti sọ ọmọ ọlọ́mọ púpọ̀ di ènìyàn. Àwọn tí ó fi orúkọ rẹ̀ bo ìrẹ́jẹ ni ó sọ ọ́ di ohun tí a ń fi ìfura gbọ́ lónìí. Ewu kan náà ni mo rí fún pàṣípààrọ̀ àṣà.

Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí ohun tí mo ń wí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, Ààrẹ Donald Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá ètò yìí dúró, pọ̀ mọ́ físà H-2B àti àwọn físà iṣẹ́ mìíràn, nítorí kí iṣẹ́ lè kù fún ọmọ onílẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 2021 ni àṣẹ náà tó parí. Nígbà tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ ni wọ́n pe àwọn ọmọ wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n tún di àlejò àṣà. Kí wọ́n mú ọ̀kan.

Nítorí náà, èmi kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé ètò náà. Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Kí wọ́n pààlà sáàárín iṣẹ́ àti àṣà. Ibi tí iṣẹ́ wà, kí ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ máa bójú tó o. Kí agbanisíṣẹ́ san owó onígbọ̀wọ́ àti owó ọkọ̀ òfuurufú, nítorí pé òun ni ó ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Kí ó sì san gbogbo owó tí ó ń san sí àpò ìjọba lórí ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, kí ó má bàa rí èrè kankan nínú pípe òṣìṣẹ́ ní àlejò. Ibi tí àṣà wà, kí ó jẹ́ ti tọ̀tún-tòsì ní tòótọ́: kí ọmọ Amẹ́ríkà náà wá lo ìsinmi rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti ní Pọ́tónóófò, kí ó jẹ iyán, kí ó kọ́ èdè, kí ó sì mọ̀ bí a ti ń kí àgbà.

Ẹnìkan lè wí pé kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà kéde ìdíwọ́ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ àti físà J fún àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ti Benin. Ó kàn wá gan-an. Ilẹ̀kùn tí a tì ni a ń ṣí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, àwọn éjẹ́ńtì yóò tún dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì wa pẹ̀lú ìwé aláwọ̀ mèremère, òbí yóò sì tún lọ yá owó. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí òbí tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè ta ni ó ń san owó ọkọ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ rẹ̀ ni, kí ó mọ̀ pé àáró kọ́ ni wọ́n wá bá a dá.