Ta Ló Ní Yorùbá Kò Gbọ́ Èdè Sólà?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ nǹkan síbí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, iná ni. Inú ń bí mi lónìí, nítorí náà ẹ forí jì mí bí ohùn mi bá lọ sókè.

Níbi àpérò kan tí a ṣe láìpẹ́ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, ó ní kí a yé tan ara wa jẹ. Ó ní Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún ìjálá àti ẹkún ìyàwó, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan iná oòrùn, bátìrì àti ìnfátà, kí oníkálukú fi Yorùbá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó mú Gẹ̀ẹ́sì wọlé. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo nawọ́ láti fèsì, alága ní àkókò ti tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni n ó ti fèsì, alága kò sì sí níbí.

Bàrígà ni mò ń gbé. Ẹni tó bá rò pé àdúgbò aláìmọ̀wé ni, kó lọ ka ìtàn: Bàrígà ni CMS Grammar School wà lónìí, ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Akọka tí Yunifásítì Èkó wà kò ju ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì yà sí Ṣómólú, tí ẹ gba Bájúláyé, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kọ́kọ́ kí yín: káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé ìléwọ́ àwọn olóṣèlú. Iná ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ojúlé dé ojúlé, èéfín á sì gba ìgboro. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, igbe jẹnẹrétọ̀ náà ti di igbe àpò àwọn atẹ̀wé.

Àwọn ọmọ àdúgbò yìí kan náà ló ń gbé sólà gun òrùlé àwọn ilé ńláńlá ní Ìkòyí, ní Lẹkí àti ní Banana Island. Láàárọ̀ wọ́n á gba orí afárá Third Mainland kọjá, irin iṣẹ́ wọn á wà nínú àpò. Lálẹ́ wọ́n á padà wá sùn nínú òkùnkùn.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aládùúgbò mi. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ wáyà fún ọdún mẹ́rin ní Ṣómólú, ó ṣe fíríìdọ̀mù, ó sì ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta báyìí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní í lè gun àkàbà o." Lóòótọ́, n kò gùn ún. Ìsàlẹ̀ ni mo dúró sí pẹ̀lú ìwé àti bírò, etí mi sì là sílẹ̀.

Ilé náà tóbi. Yàrá méje, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́wàá, fíríìjì mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga dẹ̀ẹ̀rọ̀. Kí wọ́n tó tú ẹrù kankan, ọ̀gá yìí pe àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé yìí ń jẹ, ká tó mọ ohun tí a máa sè fún un." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ní alẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin ló máa ń ṣiṣẹ́. Bí a bá da gbígbóná àti ìsinmi rẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 600. Fún wákàtí 8, ìyẹn jẹ́ 19,200. Fíríìjì, gílóòbù, kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà àti àwọn wẹ́wẹ̀wẹ́ mìíràn jẹ́ 5,800. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25,000 fún òru kan ṣoṣo. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí á fa ju ìdajì rẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ láyé, nítorí náà 50,000 ni a ó wá. Bátìrì oní 12 fólítì tó ní ámpù-wákàtí 200 ń gba 2,400. Mọ́kànlélógún ni ìṣirò bí, ṣùgbọ́n mẹ́rin mẹ́rin la ń so wọ́n pọ̀ láti rí fólítì 48, nítorí náà mẹ́rìnlélógún ni a ó rà. Bí ó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, a lè fa nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀, 31,250 sì ti tó.

Wọ́n bọ́ sórí òrùlé. Ohun tí ilé náà ń jẹ ní ọ̀sán jẹ́ 20,000, èyí tí ó sọ àpapọ̀ ọ̀sán àti òru di 45,000. Oòrùn Èkó máa ń ràn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá kó agbára rẹ̀ jọ, kò ju wákàtí 4 tó múná dáadáa lọ. Ooru, eruku àti wáyà yóò sì jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ku wọ́ọ̀tì 15,000 tí a ní láti gbé sórí òrùlé. Bí ojú sólà kan bá jẹ́ 550, méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Kí ojú wọn kọ sí gúúsù, kí wọ́n dà díẹ̀, kí òjò lè máa fọ eruku wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù nínú wọn ṣe kà á fún mi, tí ó ń fi ìka ka á.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, èdè wo ni ẹ rò pé wọ́n fi ṣe gbogbo ìṣirò yìí? Mo fetí sí i láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta. Ọ̀rọ̀-orúkọ wọn jẹ́ àyálò: bátìrì, ìnfátà, wọ́ọ̀tì, wáyà. Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé: iná ń fà, bátìrì ti kún, ó ti sọ̀, wáyà ń gbóná, iná gbé e. Ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni eegun ẹ̀yìn gbólóhùn Yorùbá. Èyíkéyìí nínú yín tó ti jókòó nínú kíláàsì mi mọ èyí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa yóò ní, "Ṣé ẹ rí i? Àyálò ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà." Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi Gẹ̀ẹ́sì náà léèrè ibi tó ti rí tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Faransé ni ó ti yá ọ̀rọ̀ tó ń pe bátìrì, ìlù lílù àti ìbọn àgbá ni ìtumọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí Benjamin Franklin tó fi pe àwọn ìgò oníná rẹ̀ tó tò jọ. Fólítì wá láti ara orúkọ Volta, ará Itálì. Ámpù wá láti ara orúkọ Ampère, ará Faransé. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe iná mànàmáná fúnra rẹ̀ ti inú èdè Gíríìkì wá, oje igi tó le bí òkúta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún Gẹ̀ẹ́sì pé kó lọ jókòó sídìí orin àti ewì. Àwa náà yá àlùbọ́sà, a yá búrẹ́dì, a yá ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń jẹ wọ́n, à ń jọ́sìn nínú wọn. Ìnfátà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè wa kò ní kọ́ńsónáǹtì tí Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ fólítì, ó sọ ọ́ di f; kò fẹ́ kọ́ńsónáǹtì ní ìparí ọ̀rọ̀, ó fi fáwẹ́lì tì í; ó fi ohùn lé e lórí. Ọmọ ilé ni báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé ńlá yẹn, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi. Onílé ti kọ́kọ́ ra ìnfátà ńlá oní kVA 10 lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ó sì ra bátìrì mẹ́rin péré sí i. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin ní aago mẹ́wàá. Kí aago 12 tó lù, ilé ti ṣú. Ẹni tó kàwé ni o, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n sì fi ta ọjà fún un. Ìwé tí wọ́n fún un nípọn bí Bíbélì. Aládùúgbò mi tẹ ẹ̀yìn ba, ó ní, "Dádì, ìnfátà ni ẹnu ẹ̀rọ omi, bátìrì ni àgbá. Ẹ ra ẹnu ẹ̀rọ tó fẹ̀ gan-an, ẹ wá gbé e sára kórobá. Omi á ya jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́." Onílé wò ó títí, ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ báyìí fún mi?"

Ìyàtọ̀ láàárín agbára tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan àti iye iná tó wà nípamọ́, òun ni olórí gbogbo iṣẹ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì tí ó ní ọ̀rọ̀ méjì fún un kò jẹ́ kó yé ọkùnrin náà. Yorùbá tó ń lo "iná" fún ohun gbogbo jẹ́ kó yé e ní ìṣẹ́jú kan.

N kò ní í dá àwọn ẹlòmíràn nìkan lẹ́bi. Àwa onímọ̀ èdè náà jẹ gbèsè. Mo mọ iyì iṣẹ́ tí àwọn àgbà ṣe lórí èdè-ìperí. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ lẹ́yìn wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. A ó jókòó sínú yàrá tútù, a ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kò bẹ̀ wá níṣẹ́ rẹ̀. Èmi gan-an ni mo pe ìnfátà ní "ẹ̀rọ aṣèyípadà iná bátìrì sí iná ilé" nínú ìwé kan. Mo kà á sétí aládùúgbò mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí n tó pè é tán, iná á ti gbé ọmọ iṣẹ́ mi."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lèyí ì bá jẹ́, bí kì í bá ṣe pé nǹkan ti ṣe ọmọ iṣẹ́ náà rí. Ọmọ ọdún 19 ni. Iléeṣẹ́ kan pè wọ́n sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá yé na ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn nawọ́. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìmọ̀wé lójú ẹgbẹ́? Ní ọ̀sẹ̀ kejì, sípánà já lọ́wọ́ ọmọ yìí, ó dábùú orí bátìrì méjì. Ó ní òrùka lọ́wọ́. Irin náà pọ́n bí ẹ̀yinná. Ìka rẹ̀ méjì kò ká dáadáa mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo bi í ní ohun tí wọ́n kọ́ wọn nípa òrùka, ó ní, "Wọ́n sọ ọ́, sà. Ọ̀rọ̀ náà ni mi ò gbọ́."

Nítorí náà, mi ò lè fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ èdè bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní kíláàsì mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ọdún mẹ́ta péré! A kò tẹ ìwé tó tó, a kò kọ́ olùkọ́ tó tó, a wá ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ọdún 2025 yìí kan náà ni wọ́n ya bílíọ̀nù 10 náírà sọ́tọ̀ nínú ìṣúná láti gbé sólà sí ilé ìjọba ní Àbújá. Mo gbà, kí Ààrẹ náà rí iná. Ṣùgbọ́n ọmọ ta ni yóò gun òrùlé náà, èdè wo ni wọn yóò sì fi kìlọ̀ fún un?

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀. Bàrígà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ègùn wà níbẹ̀, Ìgbò wà, Haúsá wà, àwọn Ìlàjẹ etí omi sì ní ẹ̀ka èdè tiwọn. Òótọ́ ni. N kò ní kí á da Gẹ̀ẹ́sì nù. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá láti Ṣáínà kò ní Yorùbá nínú, ó sì yẹ kí ọmọ iṣẹ́ lè kà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kan iná ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní èdè tó fi ń lálàá.

Ní oṣù tó kọjá, èmi, aládùúgbò mi àti ọmọ tí iná jó yẹn jókòó sí ìta ilé mi fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. A kọ ìkìlọ̀ mọ́kànlá. Ọmọ náà ló sọ àkọ́kọ́: "Bọ́ òrùka, bọ́ aago, kí o tó súnmọ́ bátìrì." Ìkẹta ni: "Já bátìrì kúrò lára ohun gbogbo kí o tó fi wáyà kan wáyà, bí oòrùn bá ń ràn, ojú sólà náà ń ṣiṣẹ́, bo ojú rẹ̀." Gbólóhùn kan nìkan ló dá wa dúró. Àwọn oníwáyà ní "ó bíríìjì" nígbà tí iná bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà. Èmi fẹ́ "iná gba ẹ̀bùrú". A jà sí i díẹ̀. Wọ́n borí mi ní ìbò méjì sí ẹyọ kan, "ó bíríìjì" ni a sì kọ.

A gbé e lọ tẹ̀ ní Ṣómólú. Ó ku ogún ẹ̀dà nígbà tí wọ́n mú iná lọ, atẹ̀wé sì ní kí a mú owó epo wá. A mú un wá. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà kan fún ṣọ́ọ̀bù tàbí kíláàsì rẹ̀, kó kọ̀wé sí mi. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ tó dára ju "ó bíríìjì" lọ, tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ní ìlú yín, ẹ fi ránṣẹ́. A ó tún un tẹ̀.