Ìmọ̀ Láìsí Ìwà: Ẹ̀kọ́ Lára Fritz Haber

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Wọn a ní ọ̀bẹ ni ìmọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀bẹ gún ènìyàn, ẹ̀bi kò sí lọ́rùn alágbẹ̀dẹ. Lójú wọn, ti onímọ̀ ni kí ó ṣe ìwádìí, ti olóṣèlú ni kí ó pinnu ohun tí yóò fi ìwádìí náà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é lẹ́yìn. Ìgbésí ayé Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Jámánì, tó láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọdún 1868 ni a bí Haber sínú ẹbí Júù ní ìlú Breslau. Nígbà ayé rẹ̀, ìbẹ̀rù wà nílẹ̀ Yúróòpù pé ilẹ̀ oko ń ṣá nígbà tí ènìyàn ń pọ̀ sí i. Naitrójìn tí irúgbìn nílò kún inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irúgbìn kò lè fà á mu láti ibẹ̀. Orílẹ̀-èdè Chile ni wọ́n ti ń wa iyọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, orí òkun ni ó sì ń gbà dé Yúróòpù. Ní 1909, Haber fi hàn pé a lè pa naitrójìn inú afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ háídrójìn kí ó di amóníà. Carl Bosch sọ ọgbọ́n náà di iṣẹ́ ńlá, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Oppau sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1913. Lónìí, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn ayé ni ajílẹ̀ yìí ń bọ́. Oore ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ogun dé ní 1914. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ọ̀nà òkun, amóníà tí ó yẹ kí ó di oúnjẹ sì di ohun tí wọ́n fi ń ṣe àdó olóró. Haber kò dúró síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi gáàsì chlorine pa ọ̀tá. Òun ló kọ́ àwọn ọmọ ogun bí wọn yóò ṣe lò ó. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, 1915, nítòsí ìlú Ypres ní Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n ṣí àgbá tó lé ní 5,000. Gáàsì tó ju 150 tọ́ọ̀nù lọ bá atẹ́gùn lọ sínú kòtò tí àwọn ọmọ ogun Faransé wà. Àwọn ọmọ Àlùjíríà wà lára wọn, àwọn tí Faransé kó láti ilẹ̀ Áfíríkà wá sínú ìjà tí wọn kò mọ orírun rẹ̀. Èémí há mọ́ ọ̀pọ̀ wọn láyà títí wọ́n fi kú.

Àdéhùn Hague ti 1899 ti ka ìbọn tí ń tú gáàsì olóró jáde léèwọ̀, Jámánì sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i. Àwáwí wọn ni pé àgbá ni àwọn ṣí, àwọn kò fi ìbọn yìn ín. Níbo wá ni alágbẹ̀dẹ aláìlẹ́ṣẹ̀ wà? Alágbẹ̀dẹ wo ló rọ ọ̀bẹ tán, tó tún tẹ̀lé oníbàárà rẹ̀ lọ fi ibi tí yóò ti gún ènìyàn hàn án?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, ìyàwó rẹ̀, Clara Immerwahr, tí òun náà gboyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísìrì ní 1900, fi ìbọn ọkọ rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọ̀fọ̀ náà ṣì tutù nílẹ̀ tí Haber fi gba ojú ogun ìlà-oòrùn lọ.

Ayé yìn ín. Ẹ̀bùn Nobel ti 1918 tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nítorí amóníà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Nazi gba ìjọba ní 1933, wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n yọ Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba. Haber ti di Kìrìsìtẹ́nì láti 1892, ó ti fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ sin Jámánì. Kò sí èyí tó gbà á sílẹ̀. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀, ó sì kú ní Basel ní oṣù kìíní 1934. Inú iṣẹ́ ìwádìí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣe lórí oògùn apakòkòrò ni Zyklon B ti jáde, èyí tí àwọn Nazi fi pa ọ̀kẹ́ àìmọye Júù ní Auschwitz. Ìbátan Haber wà lára àwọn tó ṣègbé nínú àgọ́ Nazi. Yorùbá ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ọ̀ràn yìí, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni eérú náà bà lé lórí.

Ẹnì kan lè wí pé ìfẹ́ ìlú ẹni ló sún un ṣe é, àti pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà lo gáàsì ní ọdún kan náà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo James Franck. Òun náà bá Haber ṣiṣẹ́ gáàsì nígbà ogun yẹn. Nígbà tí wọ́n pè é sí iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà, ó kọ́kọ́ bá wọn ṣe àdéhùn pé wọn yóò jẹ́ kí òun sọ èrò òun fún àwọn aláṣẹ kí wọ́n tó lò ó. Ní oṣù kẹfà 1945, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n má ṣe jù ú lu Japan láìkìlọ̀. Ìjọba kò gbọ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ, Hiroshima jóná. Franck kò borí, ṣùgbọ́n kò panu mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni gáàsì kò sì tán nílẹ̀. Ní 1988, ìjọba Iraq tú u sórí àwọn Kurd ní Halabja, ìlú Mùsùlùmí, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ ọwọ́. Ẹni tó kàwé ló pò ó.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ má ṣe sá fún sáyẹ́ǹsì. Ebi kò lè tán láyé láìsí i. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ́wọ́ gba iṣẹ́, kí ó bèèrè: ta ni ń sanwó rẹ̀? Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ṣé wọn yóò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ bí ó bá di ibi? Mùsùlùmí kì í tọrọ ìmọ̀ lásán lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìmọ̀ tó ṣàǹfààní ni ó ń tọrọ. Ẹni tó bá tọrọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, kí ó rántí rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí.