“Alábàárìn”, kì í ṣe “Ojúgbà”

Ẹni tí àrùn ọpọlọ ṣe rí, tí ó wá ń ran àwọn tí ń gba ìtọ́jú nínú ọgbà ìwòsàn lọ́wọ́, kò ì ní orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun: kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, Pussin, alábòójútó ní Bicêtre nítòsí Paris, ti ń gba irú wọn síṣẹ́. “Ojúgbà” kò tó. Ọjọ́ orí àti ipò ni ó ń tọ́ka sí. “Alágbàtọ́jú” yẹ ẹbí tí ó ń bá aláìsàn gbé nínú ètò abúlé tí Lambo dá sílẹ̀ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní 1954. “Alábàárìn” ni kí àwọn ògbufọ̀ mú: kò gbé e ga ju aláìsàn lọ bí “amọ̀nà” ti ń ṣe, kò sì fi àrùn àná sọ ọ́ lórúkọ.