Ta Ni Lágbájá? Ẹ Jẹ́ Ká Wo Iye Kí Á Tó Tẹ Àṣẹ

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọ̀rẹ́ wa kan tó wà nílé ní Òkìtìpupa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo Terraform. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ HashiCorp gbé jáde ní ọdún 2014 ni. Dípò kí ènìyàn máa tẹ bọ́tìnì kiri lórí ìkànnì àwọn tó ń yáni ní sáfà, yóò kọ ohun tó fẹ́ sínú fáìlì, Terraform yóò kà á, yóò sì ṣe é. Ọ̀rẹ́ wa kọ ọ́ pé sáfà kan ṣoṣo ni òun fẹ́. Ó tẹ àṣẹ, ó fi -auto-approve kún un kí Terraform má baà bi í bóyá ó dá a lójú, ó sì bá àwọn ará ilé lọ sí oko. Ọjọ́ kẹta ló tó rí i pé sáfà mẹ́wàá ló ń ṣiṣẹ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń ka owó wọn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí dọ́là ń fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni wọ́n bá a wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Fáìlì àtijọ́ kan wà nínú fódà rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí .auto.tfvars. Terraform máa ń ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé, kì í ṣe iye tí a kọ sí default. Mẹ́wàá ló wà nínú fáìlì àtijọ́ yẹn. Orúkọ ni ọ̀rẹ́ wa ń wò. Kò wo iye tí orúkọ náà gbé dání.

Àwa tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí èyí. Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní variable kò jìnnà sí Lágbájá wa. Lágbájá, Tàmẹ̀dò, Làkásègbè: orúkọ tó ń di àyè mú de ẹni tí a kò tíì dárúkọ ni. Wọn kò dà bí Òkìtìpupa, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ òkìtì, ó ti gbọ́ pupa. Bí ẹnìkan bá wá ní kí ẹ kó owó fún Lágbájá, ẹ ó kọ́kọ́ béèrè pé ta ni Lágbájá. Kí ló wá dé tí a kì í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà?

Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ terraform apply, kí ó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo iye. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀nà rẹ̀ kò sì le. Tẹ terraform console, kọ var àti orúkọ tí ò ń wá, yóò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ọ. Tẹ terraform plan, kí o sì kà á dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa ì bá ti rí i pé mẹ́wàá ni Terraform fẹ́ fi kún un.

Ẹ̀kẹta ni output, òun la sì fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Gbogbo wa mọ bí apá gúúsù Ondo ṣe wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni kálukú ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ká ní àdírẹ́ẹ̀sì sáfà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú ẹ̀rọ, epo jẹnẹrétọ̀ tán, kọ̀ǹpútà kú. Bí o bá ti kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà sí output, inú fáìlì state ló wà. Tan ẹ̀rọ padà, tẹ terraform output, yóò tún fi hàn ọ́. Kò sí ìdí láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé gbogbo wíwò yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra gàrí lọ́jà á bù ú tọ́ wò kó tó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún òun. Nínú Ansible, ibi tí variable ti lè gba iye rẹ̀ ju ogún lọ. Ta ló fẹ́ fi orí rò ó tán? Ìlà debug kan yóò yanjú rẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Páásíwọ̀ọ̀dù kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ sójú ẹ̀rọ. Terraform ní sensitive = true fún un, Ansible ní no_log. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ rí <sensitive> lójú ẹ̀rọ kí ẹ máa sùn. Ojú ẹ̀rọ nìkan ló bò. Ẹni tó bá tẹ terraform output -json yóò rí i ní gbangba, inú fáìlì state náà ló sì wà gbalaja. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé fáìlì yẹn lọ sórí GitHub ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sórí títì. Láti ẹ̀dà 1.10, tó jáde ní 2024, ni Terraform ti ní ephemeral, tí kì í jẹ́ kí irú iye bẹ́ẹ̀ wọ inú state rárá. Ẹ lò ó.

Ẹ jẹ́ ká tún bá ara wa wí. A lè fi èdè wa kọ description sí abẹ́ variable àti output, Terraform kò ní bá wa jà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Bí ẹni tí kì í fi àmì sọ́rọ̀ bá kọ "iye", ṣé iye owó ni, ṣé ìyè ni, àbí iyè tí a fi ń rántí nǹkan? Òun náà fi orúkọ hàn wá, ó fi iye pamọ́.

Ọ̀rẹ́ wa ti san gbèsè rẹ̀. Àwa mélòó kan ló dá owó jọ fún un. Bí àbúrò yín kan bá wá kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wo iye nìkan. Bó bá ti lè sọ ẹni tí Lágbájá jẹ́ fún yín láìṣì í, ẹ wá jẹ́ kó tẹ àṣẹ.