Ẹ Pe Ẹbí Jọ Kí Ẹ Tó Kó Abiyamọ Kúrò Lọ́jà

Ẹni tó bá gba Ọjà-Ọba nílùú Ìlọrin kọjá lẹ́yìn ìrun Íṣáì, nígbà tí àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́, yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin alábàárù tí wọn kò níbi tí wọ́n ń lọ. Abọ́ ńlá tí ọ̀kan fi ru ìrẹsì oníbàárà lọ́sàn-án ló tẹ́ ìró sí nínú; ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ ń sùn. Ìyá ọmọ gan-an lè máà tíì pé ogún ọdún. Ààfin kò jìnnà síbẹ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà kò jìnnà.

Ìjọba Kwara ti ń kó alágbe àti aláìnílé kúrò lójú títì Ìlọrin, wọ́n sì ti dá àwọn kan padà sí ìpínlẹ̀ wọn. A kò sọ pé kí ìlú má mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ lé jáde nítorí oyún, tó ní ẹni tó fún un lóyún ni kó máa gbé e, ibo lẹ fẹ́ dá a padà sí? Bí ẹ bá já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ọjà ló tún ń bọ̀.

Ìpàdé ẹbí ló yẹ kó ṣáájú ọkọ̀ tó ń kó wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti Àjíkobì títí dé Gàmbàrí, kò sí agboolé tí kò ní Magájí tàbí àgbà tó ń parí ìjà ogún àti ìjà tọkọtaya. Kí ló dé tí wọn kì í pe irú ẹjọ́ yìí síwájú wọn? Ní New Zealand, òfin 1989 ló ní kí ẹbí kọ́kọ́ jókòó kí ilé ẹjọ́ tó gba ọmọ lọ́wọ́ òbí, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì bọ́ síta fún wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ti kọ́ ọ. Irú ohun tí àwa ń ṣe lórí ẹní láti ayébáyé ni wọ́n sọ di òfin lọ́hùn-ún.

Kí wọ́n má ṣe pe bàbá nìkan o. Bàbá tínú ń bí kọ́ ni gbogbo ẹbí. Ìyá àgbà wà, àbúrò ìyá wà, àwọn ará ilé ọmọkùnrin tó fún un lóyún wà. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lè máa sun inú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ará ilé ló fipá bá ọmọ lò pọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹbí, ó ti di ti ọlọ́pàá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 kò fẹ́ kí wọ́n ya ọmọ nípá kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ fún ire ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ owó wá ńkọ́? Onílé ń gba owó ọdún kan pa pọ̀, pẹ̀lú owó àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n. Kò sí alábàárù tó lè kó o sílẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ta irú pàápàá kò lè fi èrè rẹ̀ bọ́ ẹnu méjì kún tirẹ̀. Ìjọba Kwara kan náà, lábẹ́ ètò ìrànwọ́ KWASSIP, ló ti pín Owó Arúgbó fáwọn àgbà, tó sì ti fún àwọn olówò kéékèèké ní Owó Ìṣòwò. Kí wọ́n fi òmíràn kún un: owó oṣooṣù fún ọdún kan, fún ẹbí tó bá gba òbí ọ̀dọ́ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sílé.

Ẹ̀yin Magájí, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín lọ.