Ọ̀nà Tí À Ń Gbà Kọ́ Ọmọ

Ọlọ́gbọ́n olùkọ́ a máa ti inú ohun tí ọmọ mọ̀ mú un dé ibi tí kò mọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní Ifẹ̀: ọdún 6 ni a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ta ojúgbà wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nítorí náà, bí ẹ bá bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, ẹ ní kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ òní. Bí kò bá lè ṣe é, àkọ́sórí lásán ni. Ọ̀nà ìkọ́ni ni kí a tún ṣe. Kí a má na ọmọ fún ẹ̀bi olùkọ́.