Ẹ̀kọ Kì Í Kọ Orúkọ Sára Ewé

Ọmọbìnrin náà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú pẹ̀lú fóònù tó kún fún fọ́tò. Àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fẹ́ gbé jáde: orin mẹ́jọ, òun àti gìtá rẹ̀, àti onílù kan ṣoṣo. Ó fẹ́ kí ojú òun wà níwájú páálí, kí òṣùpá wà lẹ́yìn òun, kí afárá Third Mainland gba abẹ́ òṣùpá kọjá, kí ẹyẹlé méjì máa fò, kí orúkọ òun máa dán bíi wúrà, kí nọ́ńbà máníjà sì wà nísàlẹ̀. Mo bi í pé èwo nínú orin mẹ́jọ náà ló sọ̀rọ̀ òṣùpá. Ó ní kò sí. Ẹyẹlé ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, ṣebí wọ́n máa ń fi síbẹ̀ ni."

Bàbá tó ń bá wa gé páálí wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Àfi bó ṣe gbójú sókè tó ní: "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Inú mi dùn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni bàbá bá mi sọ. Mo ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá ṣe páálí rẹ̀ ní ṣókí: àwọ̀ kan, nǹkan kan lójú rẹ̀, kí gbogbo ìyókù ṣófo. Ó wá gbà mí lọ́jọ́ bíi mélòó kan kí n tó rí i pé òwe yẹn le ju bí mo ṣe gbà á lọ.

Bí a ṣe ń pa á kiri, ìyìn ọ̀rọ̀ kúkúrú la fi ń ṣe. Sọ díẹ̀, ó ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òwe náà gbé ẹrù rẹ̀ lé. Orí àbọ̀ kọ́, inú ni. Ibi kan wà tí àbọ̀ yẹn ń lọ, ibẹ̀ ló ti ń pàdé àbọ̀ kejì. Bí kò bá sí nǹkan kan nílẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àbọ̀ á ṣì jẹ́ àbọ̀, ẹni tó gbọ́ ọ á sì dúró máa wo ẹnu ẹni tó sọ ọ́.

Àwọn tó ń fi àrokò ránṣẹ́ láyé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé ẹẹ́fà ni. Bí ẹni náà bá dá mẹ́jọ padà, ẹẹ́jọ, ó ní ọ̀rọ̀ wa jọ. Èmi ò tí ì rí páálí àwo kan láyé yìí tó sọ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹyọ mẹ́fà yẹn fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Á kà á, á ní owó ni, ó sì lè ní kò pọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ tí à ń jẹ. Kò sí ẹlẹ́kọ tó ń kọ ọ́ sára ewé pé ẹ̀kọ ló wà níbí. Bí wọ́n ṣe pọ́n ọn ti tó, bó ṣe wọ̀n lọ́wọ́ ti tó, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú fún mọ́ínmọ́ín. Ohun tó fà á ni pé gbogbo wa ti jẹ ẹ́ rí. Olórin tuntun ni oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò tí ì tọ́ wò. Bí a bá pọ́n ọn sínú ewé láìkọ nǹkan kan, ta ló fẹ́ tú u?

Ibi tí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ya páálí àwo ti ń ṣìnà nìyí. A rí àwo tí The Beatles gbé jáde lọ́dún 1968, èyí tí Richard Hamilton ṣe páálí rẹ̀, a ní ká ṣe bíi tiẹ̀. Funfun báláú ni. Wọ́n kàn tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà wọnú páálí láìfi yíǹkì sí i, ó tiẹ̀ wọ́ díẹ̀, wọ́n sì fún àwọn ẹ̀dà tó kọ́kọ́ jáde ní nọ́ńbà tiwọn bí ìwé owó. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ṣáájú, 1967, ẹgbẹ́ yìí kan náà ti kó èrò rẹpẹtẹ sójú páálí Sgt. Pepper. Gbogbo ayé ti mọ ojú wọn, ohùn wọn, irun wọn. Àbọ̀ kejì ti wà nílé oníbàárà kí páálí funfun tó dé bá a. Bí mo bá ṣe irú rẹ̀ fún ọmọbìnrin yìí, wọn á ní yíǹkì ló tán ní Ṣómólú.

Àpẹẹrẹ tó wúlò fún wa ni ti ẹgbẹ́ Joy Division lọ́dún 1979, nítorí àwo-ńlá àkọ́kọ́ wọn ni Unknown Pleasures, ọ̀dọ́ sì ni wọ́n, láti Salford àti àdúgbò Manchester. Peter Saville ló ṣe páálí rẹ̀ fún Factory Records. Dúdú ni. Àwọn ìlà funfun tó ń ru sókè bí òkè kéékèèké wà láàárín rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ kò sí níwájú, orúkọ àwo náà kò sí níbẹ̀. Inú ìwé ìmọ̀ ìràwọ̀ kan ni wọ́n ti rí àwòrán náà, dúdú lórí funfun, Saville ló yí i padà. Ìgbì rédíò tó ń ti ara ìràwọ̀ kan wá ni àwọn ìlà yẹn. Lọ́dún 1967 ni Jocelyn Bell kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìràwọ̀ ọ̀hún ní Cambridge. Òkú ìràwọ̀ ni ká pè é, ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìràwọ̀ ńlá bú, ó sì ń yí, ó ń lù bí ìlù, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀, láìṣì lù.

Kí ló fún ẹgbẹ́ tuntun ní irú àyà bẹ́ẹ̀? Ẹ gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ. Ìlù Stephen Morris ń dún gbọngbọn bí iṣẹ́ ẹ̀rọ, Martin Hannett tó ṣètò ohùn rẹ̀ sì jẹ́ kí àyè tútù gba àárín gbogbo rẹ̀, àfi bí ilé ńlá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ orin méjì tó tún gbé páálí náà wò, ìlà yẹn á ti yàtọ̀ lójú rẹ̀. Èyí ló mú mi padà sórí òwe. "Bó bá dé inú rẹ̀." Inú ta ni? Látìgbà èwe mi, inú ọmọlúàbí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọlúàbí kò bá tí ì mọ̀ ọ́, inú àwo fúnra rẹ̀ lo máa fi àbọ̀ kejì pa mọ́ sí. Páálí á sọ ìkan, orin á parí rẹ̀.

(Lónìí, àwọn ìlà yẹn ti di ẹ̀wù. Mo ti rí i nínú ọ̀kìríkà ní Yábà, mo bi ọmọ tó wọ̀ ọ́ pé kí ni. Ó ní òkè ni.)

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń bú àwọn tó ń sọ odindi ọ̀rọ̀. Lemi Ghariokwu ya páálí Fẹlá kún fọ́fọ́. Ti Alagbon Close lọ́dún 1974, túbú wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n jíjá wà níbẹ̀, ẹja àbùùbùtán ń da ọkọ̀ ọlọ́pàá nù sómi. Ẹjọ́ ni Fẹlá ń rò, kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀ la fi ń rojọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni òṣùpá tí kò sí nínú orin.

Mo ní kí ọmọbìnrin náà fi orin náà sílẹ̀ fún mi. Mo gbọ́ ọ lóru. Nínú orin àkọ́kọ́, kí gìtá tó wọlé, ìró kan ń lọ lábẹ́, kẹkẹkẹkẹ, ó ń yára, ó ń fà, ó ń dúró. Mo pè é láàárọ̀. Ó ní máṣìnì ìyá òun ni. Télọ̀ ni màmá, ẹ̀gbẹ́ máṣìnì náà lòun ti kọ́ orin kíkọ, ìró ẹsẹ̀ màmá lóun sì kọ́kọ́ fi mọ ìlù.

Iṣẹ́ bùṣe. Páálí aláwọ̀ ilẹ̀, oníwọ̀n gíráàmù 300, tí a kò kùn. Ìlà òwú pupa kan láti etí kan dé ìdajì, òwú gidi, tí màmá fúnra rẹ̀ fi máṣìnì rán. Níbi tí òwú bá ti dúró, orúkọ ọmọ bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kékeré, yíǹkì dúdú. Ó tán. A kò tẹ orúkọ láìfi yíǹkì sí i, nítorí a kì í ṣe Beatles. A tún tẹ orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ páálí, nítorí bí síídì bá wọ àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Onílù, ẹni tó gba ohùn sílẹ̀, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ orin, gbogbo wọn wà nínú. Ṣókí kì í ṣe ká jẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ díẹ̀ nìyẹn, kó wá gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó wọ àlà kì í jókòó sí ìsọ̀ elépo. Lójú páálí tó kún, ọ̀bẹ lè ṣì í gé ní mìlímítà méjì kó má hàn. Lójú èyí tó ṣófo, mìlímítà méjì ń pariwo. Ilé iṣẹ́ kan la kọ́kọ́ gbé e fún, ó gé e wọ́, a dà á nù. Abẹ́rẹ́ náà tún ní ìṣòro tirẹ̀: bí ojú rírán bá sún mọ́ra jù, páálí á ya lójú ìlà bí ìwé tí a lu ní ihò, pàbó ni gbogbo rẹ̀ á já sí. Màmá ló ní ká sọ ojú rẹ̀ di gígùn, ká sì rán an kí a tó fi gọ́ọ̀mù pa páálí pọ̀. Abẹ́rẹ́ kú tó mélòó kan. Ọ̀ọ́dúnrún páálí ló rán.

Àwọn tó ń pín orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà ń béèrè àwòrán píksẹ́ẹ̀lì 3,000 níbùú lóròó, ṣùgbọ́n lójú fóònù, bí èékánná ló máa ń rí. Ẹyẹlé á ti di kòkòrò níbẹ̀. Òwú pupa kan ṣì ń hàn.

Lọ́jọ́ ìkójáde, alága gbé àwo sókè, àwọn ayàfọ́tò sáré wá. Ó ná owó rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì fún màmá àgbàlagbà kan tó jókòó tì í ní ẹ̀dà kan. Ẹnikẹ́ni kò tí ì fi orin sí i. Màmá náà kò kà á, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀wé. Àtàǹpàkò ló ń fi tọ ojú òwú lọ, láti etí dé ibi tó parí. Ó yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ta ni télọ̀ nínú yín?"

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ìyá ọmọ náà nawọ́ sókè. Ẹni àgbà náà gbé páálí sókè hàn án. "Èyí ò ní kókó nídìí o," ó ní, "ó fẹ́ tú."